Ìpara Ọwọ́ Ọ̀tún àti Ìpara Ọwọ́ Òsì

Ní ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa fi aṣọ bo imú, Soulé ọkọ wa ṣì wà láyé. Chitou, ládàánì àgbà, ṣì wà láyé, ohùn rẹ̀ ló ń jí wa fún ìrun àárọ̀. Salamatou tó ń gbé ẹ̀yìn mọ́sálásí wa ní Bantè náà wà, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń bú àwọn ewúrẹ́ tó bá kọjá. Èmi wà, Houlératou ìyálé mi sì wà. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, àwa méjèèjì nìkan ló kù.

Èmi àti Houlératou la ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò wa. Ìyá ọkọ wa ló kọ́ wa. Èmi a máa da omi, òun a máa fi aṣọ wé ọwọ́, a máa wẹ̀ ẹ́. Ó ju ogójì ọdún lọ tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Houlératou kò ta ọjà, kò lóko, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ganiou tó ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá ti jáde láyé, òun ni wọ́n ń sáré wá bá. Bó bá ń kọjá lọ, àwọn èèyàn a dìde kí i. Iṣẹ́ yẹn ló fi jẹ́ èèyàn.

Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó wú, ó pọ́n, ó wá ń hu ìpẹ́ funfun bí ìpẹ́ ẹja. Bó bá họ ọ́, ìpẹ́ náà á bọ́ sórí ẹní, ẹ̀jẹ̀ á sì yọ wínníwínní bí orí abẹ́rẹ́. Ó dé orúnkún, ó dé ẹ̀yìn etí, ó wọ inú irun. Nígbà tó wá dé ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì, kò ṣeé fi pamọ́ mọ́.

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: èmi ni mo kọ́kọ́ fura. Mo mọ ẹ̀tẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo rí bàbá kan ní Lougba tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ tán, tí wọ́n kọ́ ahéré fún un sẹ́yìn oko iṣu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya ife omi Houlératou sọ́tọ̀. N kò sọ fún un o. Ife tí etí rẹ̀ ti ya ni mo ń gbé fún un lójoojúmọ́, mo ń ṣe bí ẹni pé òun lọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Ó ń mu ún, ó ń wò mí.

Ọjọ́ tí a wẹ ìyàwó Seidou alápatà ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Ọwọ́ Houlératou là níbi oríkèé ìka, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí aṣọ funfun tí a fẹ́ fi di òkú. Kò ju ẹyọ ọkà bàbà kan lọ. Ṣùgbọ́n Hafsath wà níbẹ̀. Hafsath ni ọmọ Salamatou, òun sì ni olórí àwọn obìnrin mọ́sálásí wa. Ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan.

Ó ní, "Ìyá Ganiou, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Ara ló ń yún mi."

"Ara ń yún gbogbo wa. Tiyín ló ń kán ẹ̀jẹ̀ sára òkú olókùú." Ó rọra gba aṣọ ìwẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Ẹ lọ sinmi. Títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́, ẹ má fi kan òkú kankan mọ́ ládùúgbò yìí."

A délé, Houlératou kò jẹun. Ó ní, "Ìyàwó," bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí títí dòní, èmi tí mo ti rí ọmọ ọmọ ọmọ mi, "Ìyàwó, tí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún ń dúró ṣe?"

Ganiou kó wa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Savalou. Ọmọbìnrin tó gbà wá, Marie-Noëlle lorúkọ rẹ̀, ọmọ tíṣà Eusèbe tó ti kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé ni, nítorí náà ó gbọ́ èdè wa. Ó ní kí Houlératou dijú, ó sì ń fi òwú kan ojú egbò náà níbí, lọ́hùn-ún.

"Ibo ni mo kàn, Màmá?"

"Ìgbọ̀nwọ́."

"Ibí ńkọ́?"

"Orúnkún. Ọwọ́ rẹ tutù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà, ara kì í mọ nǹkan, ti Houlératou sì ń mọ gbogbo rẹ̀. Dókítà àgbà wọlé, ó wò ó náà, ohun kan náà ló sọ: kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ràn. Wọ́n dá orúkọ kan fún un, písóríásísì, orúkọ tó ń yọ̀ lẹ́nu bí ilá. Wọ́n ní ara rẹ̀ ló ń yára hu awọ tuntun ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó gbó kò tíì bọ́ tí òmíràn ti gùn ún.

Mo ní, "Ìgbà wo ló máa tán?"

Marie-Noëlle ní, "Kò ní tán pátápátá, Màmá. Yóò máa lọ, yóò máa bọ̀. Ṣùgbọ́n a lè mú un rọlẹ̀." Ó fún wa ní tiúbù funfun kan, ó ní kí a máa fi í ra ojú ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí a sì jẹ́ kó pẹ́ lára.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Mo ti rí oníṣègùn láyé mi, n kò rí èyí tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé oògùn òun kò ní wo nǹkan tán. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ń wá bí a ó ṣe máa padà wá bá òun títí ayé ni.

A gba ọ̀nà ọjà jáde. Ibẹ̀ ni Basirath ti rí wa, obìnrin kan láti Bantè wa níbí tó ń ta ọṣẹ àti pómáàdì ní Savalou.

"Ẹ̀yin ìyá mi! Mo ti rí ọwọ́ yẹn láti òkèèrè. Ẹ wá gba ìtura." Ó gbé ìgò kékeré kan jáde, ìdérí rẹ̀ dúdú. "Ewé àti egbò nìkan ni. Ọjọ́ mẹ́wàá péré."

Mo ní, "Ewé wo?"

"Àṣírí ilé bàbá mi ni, Màmá."

"Bàbá rẹ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa? Ìgbà wo ló wọ igbó?"

"Háà! Màmá yìí ń bi èèyàn léèrè bí ọlọ́pàá jándárìmù!" Ó rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló rí tiúbù lọ́wọ́ Houlératou, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kí ìrun, ṣé èyí lẹ fẹ́ fi pa ara? Ẹ kò rí bó ṣe ń yọ̀? Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń pò ó."

Kò sí èyí tí mo gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, bó bá ti wọ etí, kì í jáde bọ̀rọ̀. Houlératou gba ìgò náà.

A délé, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Soulé ń bó iṣu lọ́wọ́, ó gbọ́ wa tán, ó ní, "Kí lẹ̀ ń pariwo sí? Bí wọ́n bá gbé irú iṣu tuntun wá fún mi láti Atokoligbé, ṣé gbogbo oko ni mo ń gbìn ín sí? Mo ń kọ ebè kan níbí, mo ń kọ ìkejì tì í. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Èyí tó bá ta jù ni mo ń mú. Ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fún Houlératou. Ẹ lọ gbìn ín."

Ó dára lójú wa. Èwo la ó wá fi sí ọwọ́ wo? Ìyẹn kò le. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé oúnjẹ sẹ́nu. Ohun tí a fura sí pé ó ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, a kò lè fi pa á láéláé. Nítorí náà ọwọ́ òsì gba tiúbù, ọwọ́ ọ̀tún gba ìgò Basirath. Mo wá fi òrí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe pa orúnkún rẹ̀ méjèèjì. N kò sọ pé òrí á wò ó sàn. Mo kàn fẹ́ kí ohun kan wà lára rẹ̀ tí mo mọ ìyá tó bí i.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé ọwọ́ méjèèjì wò ní ìta gbangba. Ní ọjọ́ kẹrin, ìpẹ́ ti bọ́ tán lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọwọ́ ọ̀tún ń dán bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ti òsì? Bí a ṣe bá a náà ló wà. Orúnkún rọ̀, kò là mọ́, ṣùgbọ́n pípọ́n rẹ̀ kò lọ.

Soulé ní, "Ebè ti sọ̀rọ̀."

Houlératou ju tiúbù sókè àjà. Ó ń fi ìgò pa ọwọ́, ó ń fi pa ẹsẹ̀, orí, ọrùn, títí kan ibi tí kò sí nǹkan. Ganiou ń lọ ra òmíràn wá bí ọ̀kan bá ti tán.

Inú mi ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá yára báyẹn, mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo fi ìka bu díẹ̀ nínú ìgò náà, mo gbóòórùn rẹ̀: lọ́fínńdà. Mo fi sínú omi gbígbóná. Ewé tí a bá da omi gbígbóná lé, á yọ àwọ̀, á sì rùn bí igbó. Èyí yọ́, ó léfòó, funfun báláú.

Mo ní, "Ìyálé mi, kò séwé níbí o."

Ó wò mí. "Ìyàwó, ó wù ọ́ kí n máa mu omi nínú ife yíya títí n ó fi kú ni."

Ojú tì mí. N kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n ojú kò ṣeé dì. Ara Houlératou bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Ní ibi ẹ̀rọ omi, obìnrin kan ní, "Ìyá Ganiou, ta lẹ fẹ́ lọ fẹ́ tí ẹ fi ń bóra lẹ́yìn àádọ́rin ọdún?"

Ó ní, "Bàbá rẹ ni, bó bá ṣì lè dìde."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iṣan ti ń hàn lábẹ́ awọ ọwọ́ rẹ̀ bí okùn tó wà nínú omi, ẹ̀ka igi ìdáná kan sì ya á bí ìgbà tí èèyàn ya ìwé tó rin. Hafsath wá wò ó, ó yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ó ti mọ́. Ṣùgbọ́n mímọ́ yìí kò yé mi. Ẹ jẹ́ ká dúró di oṣù tó ń bọ̀."

Oṣù tó ń bọ̀ kò bá wa níbẹ̀. Ganiou lọ sí ọjà Savalou, kò bá Basirath. Wọ́n ní ó ti lọ ń tajà ní Parakou. Ìgò tán. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan náà padà, ó sì fi ìbínú padà. Gbogbo ara Houlératou pọ́n bí ẹyín iná, ìpẹ́ ń wọ́ jáde bí ìyẹ̀fun, ó wà lábẹ́ oòrùn ọ̀sán ó ń gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ikú rẹ̀ bà mí.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n dá wa dúró sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, Marie-Noëlle fa àga sún mọ́ wa.

"Màmá, tiúbù tí mo fún yín dà?"

Èmi ni mo sọ gbogbo rẹ̀: ebè Soulé, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, ọjọ́ kẹwàá. Ó gbọ́ mi tán. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní, "Ìdánwò yín dára. Mo mọ àwọn tó kàwé tí wọn kò ronú débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá gbé bùtà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ wo lẹ fi ń fọra?"

Houlératou wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni. Ta ni Mùsùlùmí tí kò mọ̀? Omi àti ọṣẹ ní ìgbàkigbà tó bá lọ, kí a tó wá sọ ti àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Tiúbù náà kò gbé wákàtí kan lára ọwọ́ yẹn rí kó tó ṣàn lọ. Èyí tó sì burú jù ni pé bó bá ti ṣe àlùwàlá tán, yóò tún fi ìgò Basirath pa ọ̀tún, nítorí pé ó fẹ́ràn òórùn rẹ̀. Òsì ń gba ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀tún ń gba ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, Soulé wí. Òjò orí ebè òsì kò dá rí!

Mo ní, "Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ wo?"

Mo sọ fún un. Ó mú páálí tiúbù, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ó ní fasilíìnì ni, láti inú epo ilẹ̀, ibi tí epo mọ́tò ti ń wá.

"Búra."

"Màmá, Kátólíìkì ni mí, àǹfààní wo ni mo fẹ́ rí nínú kí n fi ẹlẹ́dẹ̀ pa yín lára? Ẹ mú páálí náà lọ fún ẹni yín kó kà á."

Mo sì mú un lọ. Ọmọ Chitou tó gbọ́ Faransé kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, n kò sì sọ ìdí tí mo fi ń bi í fún un. Ohun kan náà ló kà.

Ìgò Basirath, Marie-Noëlle yí i po lọ́wọ́. Ó ní, "Kò sí orúkọ lára rẹ̀, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí irú rẹ̀. Wọ́n máa ń po oògùn ilé ìwòsàn tó le gan-an mọ́ ọn, irú èyí tó ń wà nínú ìpara ìbóra. Ó ń mú àrùn yìí wálẹ̀ kíá. Bí ẹ bá wá fi pa gbogbo ara fún oṣù bíi mélòó kan, awọ á fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá já a sílẹ̀ lójijì, ẹ ti rí i."

"Àbúrò tiúbù rẹ ni ìgò yìí nígbà náà?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Màmá. Ẹ̀gbọ́n tó lágbára jù ú lọ, tó sì yí orúkọ padà."

Ó tún ètò náà ṣe fún wa. Tiúbù lẹ́yìn ìrun àárọ̀ àti lẹ́yìn ìrun alẹ́, sí ojú ibi tí àrùn wà nìkan, kí a fi aṣọ òwú rírọ̀ wé e. Òrí lẹ́yìn gbogbo àlùwàlá. Ó ní òrí mi kò ní lé àrùn lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí awọ là. Bí ọwọ́ bá ti ń dára, kí a máa dín tiúbù kù bí òun bá ṣe sọ, kí a má ṣe já a lójijì.

N kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ nígbà yẹn, nítorí náà mo tún dán an wò. Tiúbù sí ọwọ́ méjèèjì ní àkókò kan náà, òrí sí òsì nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀tún ṣì ń là, òsì kò là. Mo wá fi òrí sí méjèèjì. Kò yára. Kò ní ọjọ́ kẹwàá kankan. Ìpẹ́ tó bá bọ́ lónìí, ìdajì rẹ̀ á tún hù lọ́la, ìdajì yẹn á sì tín-ín-rín ju ti àná lọ.

Soulé kú láàárín oṣù yẹn, ikú àgbà, lórí ẹní rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo na ọwọ́, mo gbé ife etí yíya, mo bu omi, mo mu ún tán.

Houlératou ní, "Ìyàwó, ó pẹ́ kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyálé mi."

Ó ní kí n bu omi fún òun náà.

Salamatou ló wá kú lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Houlératou dúró, Hafsath fúnra rẹ̀ ló ń bá mi wẹ òkú. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i lèyí. Ó wé aṣọ mọ́wọ́, ó gbé apá ìyá rẹ̀ sókè, apá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gbé e. Ó tún bọ́. Ó jáde sí àgbàlá.

Houlératou jókòó láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn.

Hafsath dúró níwájú rẹ̀. "Ìyá Ganiou, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín."

Houlératou nà án jáde. Àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán, ó ku ojú kan tó pọ́n díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, èékánná sì ní ihò wẹ́wẹ́.

"Ṣé ó ti tán?"

Mo bẹ Ọlọ́run lọ́kàn mi pé kí Houlératou parọ́.

Ó ní, "Kò tán. Wọ́n ní kò ní tán. Ó rọlẹ̀ ni. Ó lè padà lọ́la."

"Ó ń ràn?"

"Kì í ràn."

Hafsath yíjú sí mi. Ojú tó ń fura sí gbogbo ayé, mo mọ̀ ọ́n, irú rẹ̀ ni mo ní. Mo ní, "Hafsath, mo fura jù ọ́ lọ. Inú ilé kan náà ni mo wà, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mo ń fi òrí pa á lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Wá wò mí."

Mo ká apá aṣọ mi dé èjìká. Ó sì wá wò mí lóòótọ́! Ó wo ìgbọ̀nwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn etí mi, ó ṣí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Hafsath kò yára. Nígbà tó wò mí tán, ó tún padà sọ́dọ̀ Houlératou, ó wo ojú kan tó pọ́n yẹn, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé yóò sọ pé rárá.

Ó bọ́ aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá mi kò fẹ́ràn omi tútù."

Houlératou dìde, orúnkún rẹ̀ ké, ó wọlé. Mo gbé omi tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni Salamatou jáde láyé, kí wọ́n sì tó pe ìrun ọ̀sán, a ti wẹ̀ ẹ́, a ti dì í, a ti gbé e lé àwọn ọkùnrin lọ́wọ́.